Òkúta Tó Wà Lábẹ́ Ìkòkò Gbémisọ́lá

Nínú ìwé tí wọ́n fi ta ilẹ̀ náà, igbó ni wọ́n pè é. Ẹ gbọ́ ná! Igbó tí ó ní ilé méje, tí ó ní kànga, tí ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbá ní àràárọ̀, tí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ sì ń bọ́ ìdajì Ṣómólú. Ẹni tó bá ti Bàrígà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá ọ̀sà á kọ́kọ́ rí ebè gbágùúdá tó tò lọ tìlà-tìlà, lẹ́yìn náà àgbàdo, lẹ́yìn náà àkùrọ̀ tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ti tutù yọ̀yọ̀, kí ó tó rí òrùlé kan ṣoṣo. Abúlé Ìdí-Ìyeyè nìyẹn. Oko ni wọ́n fi síwájú, wọ́n fi ilé sẹ́yìn, torí pé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe to ayé wọn náà nìyẹn.

Wọn kò lówó, wọn kò sì fi ṣe àṣírí. Ṣùgbọ́n ilé tó bá kọ́kọ́ jí ní òwúrọ̀ ni yóò dáná, àwọn ilé mẹ́fà yòókù á wá fọn iná lọ níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń roko: òní oko lágbájá, ọ̀la oko tàmẹ̀dò, ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì yá, tirẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ ro. Àgbàdo tó bá kọ́kọ́ gbó lọ́dún, wọ́n á sè é, wọ́n á kó o sínú igbá tó mọ́, wọ́n á gbé e lọ fún ìdílé Ọdẹ́túnjí tó ni ilẹ̀, ní Bàrígà. Ìṣákọ́lẹ̀ wọn nìyẹn. Bí olórí ẹbí bá ti jẹ ẹ́, ó ti fọwọ́ sí i pé àgbẹ̀ á wà lórí ilẹ̀ náà títí ọdún á fi yí po. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ẹnu tó jẹun ni ìwé.

Ní ọdún kejì tí iléèwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí oṣù kẹfà ń parí lọ, ilé Gbémisọ́lá ló kọ́kọ́ jí. Ìyàwó Adéjìmí ni, ìyá Kọ́ládé, obìnrin tí gbogbo abúlé máa ń fi yangàn pé ọbẹ̀ rẹ̀ kò jóná rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná. Ẹja yíyan tí Sabina, ìyá Ezekiel, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn Ìlàjẹ apẹja tó wà létí ọ̀sà, fi gba gbágùúdá lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìkòkò náà jókòó pẹ̀sẹ̀ lórí ààrò, inú Gbémisọ́lá sì dùn sí i. Ọ̀kan nínú òkúta ààrò náà ló là láìpẹ́ yìí, kò sì pẹ́ tó fi rí òmíràn he. Ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bá òkúta sìmẹ́ǹtì onígun mẹ́rin kan láàárín ebè rẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ó ní àwọn ọmọdé ló ń ṣeré. Ó fi ọkọ́ wú u, ó rù ú wálé, ó rì í sí ààrò. Lẹ́tà wà lórí rẹ̀, Kọ́ládé sì kà á fún un, "L" àti "S" pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin, orí ìyá wú pé ọmọ òun ti ń kàwé. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò lé lẹ́tà náà lórí, ó sì gbàgbé rẹ̀.

Oko Adéjìmí ni ọ̀wẹ̀ kàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ará abúlé ti pé síwájú ilé, ọkọ́ léjìká, wọ́n ń dúró de kí Ìyá Àgbà, ìyá Adéjìmí, fi àdúrà rán wọn jáde, nígbà tí Àkànbí yọ lójú ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn Baba Ọdẹ́túnjí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, ni. Ó wọ agbádá Jímọ̀ funfun tó ń dán gbinrin. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e tó mú agbòòrùn àti ìwé kíká lọ́wọ́, akọ̀wé rélùwéè kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́wálé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òwúrọ̀," ni Ọmọ́wálé wí.

Àkànbí kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ta ilẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, kí ló tún fẹ́ kí i sí?

"Adéjìmí, níbo lẹ gbé òkúta súfèyọ̀ sí?"

"Òkúta wo nìyẹn?"

"Òkúta ààlà! Sìmẹ́ǹtì ni, igun mẹ́rin ló ní, lẹ́tà wà lórí ẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n rì síbẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ẹ ò lọ sóko. Mẹ́ta la rí. Látibi ọ̀pẹ yẹn títí dé àkùrọ̀, Ọ̀gbẹ́ni yìí ló ni ín báyìí. Bíríkìlà ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ilé ìdáná Gbémisọ́lá kò ní ògiri, òpó mẹ́rin àti imọ̀ ọ̀pẹ lásán ni, gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló sì gbọ́. Ó wo ìkòkò rẹ̀. Ó wo ohun tó wà lábẹ́ ìkòkò.

"Gbágùúdá wa wà níbẹ̀," ni Adéjìmí wí. "Kò tíì ta."

"Ẹ wú u."

"Ká wú kí ni? Gbágùúdá oṣù mẹ́rin? Ṣé gbòǹgbò lẹ fẹ́ ká jẹ títí ọdún á fi parí?"

"Ìyẹn kan yín. Ilẹ̀ bàbá mi ni, kì í ṣe ti bàbá yín."

Àwọn ọkùnrin mélòó kan sọ ọkọ́ kalẹ̀ láti èjìká. Ìyá Àgbà, tó ń bó ẹ̀gúsí lórí àpótí, ló pa iná ọ̀rọ̀ náà. "Àkànbí, ẹ jókòó ná. Ẹni tó rìn wá láti Bàrígà ti rìn. Ìyàwó, bu oúnjẹ fún àwọn àlejò."

Gbémisọ́lá ro ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ sí i láti inú ìkòkò tó ṣì wà lórí iná, ó kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Ọmọ́wálé ń jẹun bí ẹni tí ojú ń tì. Àkànbí ní tirẹ̀ jẹ àjẹkún, ó tún ní kí wọ́n bu ẹja sí i. Ọbẹ̀ ti jinná, ó ti kọjá kí ó jinná, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ìkòkò náà sọ̀? Bí ìkòkò bá ti kúrò níbẹ̀, lẹ́tà yọ. Gbémisọ́lá fa igi jáde, ẹ̀yinná ti pọ̀ jù. Ó da omi díẹ̀ sí i, ó rò ó, ó tún rò ó. Kò pẹ́ tí òórùn fi gba gbogbo iwájú ilé.

"Ìyá, ẹ má bínú o," ni Ọmọ́wálé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọbẹ̀ yín ń jóná."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà."

Àwọn obìnrin abúlé wo ara wọn. Ọbẹ̀ Gbémisọ́lá? Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ lọ sórí ìkòkò, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ààrò, ó padà sí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Àkànbí nu ọwọ́, ó dìde. "Mo ti mọ ibi tó wà. Àwọn ará Ìlàjẹ ni. Òkúta tó bá ti wúwo, ìdákọ̀ró ni wọ́n ń fi í ṣe. Ikúmápàyí yẹn, mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ń gba ibí kọjá. Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, ọlọ́pàá ló máa lọ tú ọkọ̀ wọn wò. Ẹni tó bá wú òkúta súfèyọ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ."

Ikúmápàyí ni ọkọ Sabina.

Àwọn àlejò lọ. Serifat, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ ò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n bá ń wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, bíríkìlà ò ní wá, gbágùúdá á sì ráyè ta."

Serifat náà gbọ́ ohun tí òun sọ. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì yí ojú sápá ibòmíràn.

Gbémisọ́lá fa ọkọ rẹ̀ wọ yàrá, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Adéjìmí jókòó sórí ibùsùn bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Màmá ti mọ̀. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ ni."

"Ó dáa. Dákẹ́ ẹnu ẹ. Tí ilẹ̀ bá dá páropáro, a ó jù ú sínú kànga."

"Kànga tí gbogbo abúlé ń mu?"

"Ká jù ú sínú ọ̀sà nígbà náà! Ẹ̀wọ̀n ló pè é, àbí o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ̀wọ̀n náà máa dùn lẹ́nu Ikúmápàyí ni?"

"Ọkùnrin ni. Wọ́n á tú ọkọ̀ ẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan kan, wọ́n á fi í sílẹ̀."

"Ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò ní fi í sílẹ̀. Ìdákọ̀ró ẹ̀ ni wọ́n á gbé, wọ́n á ní òun ni. Ta ló máa gbà á gbọ́? Àlejò létí omi!" Ohùn rẹ̀ já. "Nígbà tí ibà fẹ́ gba Kọ́ládé lọ́wọ́ wa, ta ló gbé e pọ̀n lọ sọ́sibítù? Ẹ̀yìn ta ló wà bí kò ṣe ẹ̀yìn Ikúmápàyí?"

Adéjìmí di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, ó ń yí i po, ó ń yí i po. Ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù ejò nínú koríko ni, ṣùgbọ́n ìwé bà á lẹ́rù, ọlọ́pàá bà á lẹ́rù, ó sì dùn ún wọra pé ìyàwó rẹ̀ rí i.

Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ogún ọdún kọ́ la ní, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìrun Jímọ̀ la ní."

Ó kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń gbé ìkòkò sọ̀ kúrò lórí ààrò fúnra rẹ̀.

Adéjìmí dìde, ó mú ọkọ́, ó jáde. Ojú gbogbo ènìyàn ló ti wú òkúta náà, eérú ń fò, lẹ́tà sì hàn gbangba. Ó fẹ́ gbé e lé orí ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èmi ni mo wú u. Èmi ni màá rù ú."

Ó ká aṣọ, ó fi ṣe òṣùká. Ọkọ rẹ̀ sì gbé òkúta náà rù ú. Nígbà tó ṣí ẹsẹ̀, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ọ̀wẹ̀ ti tò tẹ̀lé e, ọkùnrin àti obìnrin, ọkọ́ léjìká, Serifat wà nínú wọn. Iṣẹ́ Adéjìmí ló yẹ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n ní iṣẹ́ Adéjìmí náà nìyí. Ẹni tó bá ń wá ohun tó dára ní ayé yìí, kí ó lọ wò ó lẹ́yìn obìnrin yẹn lójú ọ̀nà Bàrígà.

Baba Ọdẹ́túnjí ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Àkànbí àti Ọmọ́wálé wà lọ́tùn-ún rẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì mú. Gbémisọ́lá sọ òkúta kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ dákun, ẹ má bínú. Èmi ni mo wú u. Mi ò mọ̀ pé òkúta ìjọba ni, ààrò ni mo fi ṣe. Ikúmápàyí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rárá."

Àkànbí fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀! Ó tún se oúnjẹ fún mi lórí ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kíá."

Bàbá kò wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kan ra èédú ara òkúta, ó wo ìka náà.

"Ọjọ́ mélòó lo ti ń dáná lórí ẹ̀, ọmọ mi?"

"Òní ló di ọjọ́ kejìlá, Baba."

"Àgbàdo tí ẹ gbé wá fún mi ní Jímọ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Orí ẹ̀ ni mo ti sè é, Baba."

"Mo jẹ ẹ́," ni bàbá wí. "Ó dùn. Mo tún ní kí wọ́n fi méjì pa mọ́ fún mi di ọjọ́ kejì." Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà jẹun lọ́dọ̀ wọn lónìí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ wí i."

Epo wà létí agbádá funfun náà, gbogbo ènìyàn sì rí i.

"Ta ló tẹ̀ka sí ìwé tí ẹ fi ta ilẹ̀ náà?"

"Àwa ọmọ ni, Baba. A ní... a ní ara yín ò le tó."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá. Àwọn ará abúlé wo ilẹ̀, torí pé kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa wo ni, kí ọmọ sọ bàbá rẹ̀ di òkú lójú ayé.

"Ọ̀gbẹ́ni," ni bàbá wí fún Ọmọ́wálé, "ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n pe ilẹ̀ náà."

Ọmọ́wálé tú ìwé rẹ̀. "Igbó ni, sà. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò lò." Ó ká a padà kíákíá. "Mi ò mọ̀, Baba. Ilé tí à ń gbé l'Ékòó ni wọ́n fẹ́ wó, mo kàn ń wá ibi tí màá kó àwọn ọmọ mi sí ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn wà níbẹ̀."

"Ẹ ti sanwó, mi ò lè ní ẹ ò sanwó. Ilẹ̀ ti di tiyín. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti jẹ àgbàdo ọdún yìí."

Gbogbo ojú lọ sí ara Ọmọ́wálé. Ó wo òkúta, ó wo ọkọ́ tó wà léjìká àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, ó wo Gbémisọ́lá lórí ìkúnlẹ̀.

"Màá dúró, Baba. Títí wọ́n á fi wú gbágùúdá wọn. Èmi náà jẹ nínú ọbẹ̀ ẹ̀."

Ọkàn Gbémisọ́lá balẹ̀, ó sì tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹ̀wọ̀n, Ikúmápàyí ti bọ́, oúnjẹ ọdún kan wà. Ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà kí bàbá, ó kí Ọmọ́wálé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn.

"Òkúta náà á padà síbi tí wọ́n rì í sí," ni bàbá wí. "Àkànbí, rù ú."

"Baba! Pẹ̀lú aṣọ Jímọ̀?"

"Rù ú."

Gbémisọ́lá tú òṣùká orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Bàrígà jáde wò ó. Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró, àwọn obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé o ti ń ta òkúta ni, Àkànbí?" ni ẹnì kan ké láti ojú fèrèsé. Èédú ń wọ́ sílẹ̀ lára agbádá, ó bá òógùn dé ọrùn, ó dé àyà. Àwọn ará Ìdí-Ìyeyè tò tẹ̀lé e, kò sí ìkankan nínú wọn tó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ìbá sàn fún un.

Ó rì í sáàárín ebè. Adéjìmí sì bá a wa iyẹ̀pẹ̀ sí i, torí pé ebè tó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi òjò á wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí Àkànbí lọ tán, wọ́n kàn bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ro oko náà láti ìdí ọ̀pẹ títí dé àkùrọ̀, wọ́n ro yí òkúta ká, wọn kò fi koríko kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn mọ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Gbémisọ́lá dé ilé ìdáná rẹ̀. Òkúta méjì àti ihò kan ló kù sí ààrò. Sabina jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àpótí Ìyá Àgbà, ó ń fi ìkarahun ha ìdí ìkòkò tó jóná. Ọpọ́n kan wà níwájú rẹ̀ tí òkúta wà nínú rẹ̀, òkúta dúdú tó ṣì ń kán omi, tí okùn ti jẹ ojú ìlà yí i ní ìbàdí.

"Ìyá Ezekiel, kí nìyí?"

"Ikúmápàyí ti gbọ́ ohun tó o ṣe ní Bàrígà, ó ní kí n gbé e wá. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ ẹ̀ ni."

"Kí ló wá fẹ́ máa fi dá ọkọ̀ dúró?"

"Á máa so ó mọ́ èèkàn títí á fi rí òmíràn. Ó ní kó o lò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ń kúrò níbí, kẹ́ ẹ gbé e dání."

Gbémisọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé òkúta náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó rì í, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀, ó tún dojú rẹ̀ délẹ̀ wo ìdí rẹ̀.

"Kí lò ń wò?" ni Sabina bi í.

"Mò ń wò ó bóyá lẹ́tà wà lára ẹ̀."

"Kò sí lẹ́tà lára tiwa," ni Sabina wí, ó sì gbé ìkòkò náà lé e lọ́wọ́.